Òògùn Mọ́tò

Mo ti wa mọ́tò fún ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, mo sì ti bá ọ̀mùtí oríṣiríṣi pàdé lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nínú wọn tó gbé èèyàn lọ sí Mẹ́kà, lọ́rì ọ̀gá mi ni. Èmi fúnra mi ni mo fún un lọ́tí mu. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tètè rín in, nítorí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ẹkún ni mo sun.

Kábà ni a wà, ní bí ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira. Ọ̀gá mi ń ra kọfí àti òwú káàkiri ilẹ̀ Ìjùmú àti Bùnù. Mùsùlùmí ni láti ilé baba rẹ̀ wá. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń ṣòwò ní Kábà kí òyìnbó tó dé. Èmi ọmọ Owé tó ni Kábà ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń tọ́ ẹmu wò bí ọdún bá dé. Kò sí ìjà láàárín wa lórí ìyẹn. Òfin kan péré ló fún mi lọ́jọ́ tó fa kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lé mi lọ́wọ́: ọtí kò gbọdọ̀ wọ inú mọ́tò òun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọkùnrin kan gbé akèrègbè ẹmu wọ ọkọ̀ nígbà kan ní Ògìdì, ó fi aṣọ bò ó. Ọ̀gá mi gbóòórùn rẹ̀ láti iwájú níbi tó jókòó sí. Ó ní kí n dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó kí ọkùnrin náà ní "òkun o" bá a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa, tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì fi òun àti akèrègbè rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Kò pariwo rárá. Èmi tí mo ní láti dúró nínú oòrùn ni inú ń bí.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń múra àtilọ sí Mẹ́kà. Lẹ́ẹ̀kíní, àbúrò rẹ̀ kú nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó gbéra, ó jókòó ti òkú. Lẹ́ẹ̀kejì, orúnkún rẹ̀ wú, kò lè dìde ńlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó ti darúgbó, orúnkún náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn. Kánò ni ọkọ̀ òfuurufú yóò ti gbé wọn, Ìlọrin ni yóò ti wọ rélùwéè lọ sí Kánò, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ sì ni rélùwéè náà. Bí ìyẹn bá fi í sílẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú náà fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, bá a ṣe ń bọ̀ láti oko kọfí, ó sọ fún mi pé, "Bí mi ò bá lọ lọ́dún yìí, mi ò ní lọ mọ́." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá dé nìyí. Lọ́kọ́ja ni pẹtiróòlù ti ń wá bá wa nígbà yẹn; ọkọ̀ ojú omi á já a síbẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù, lọ́rì á sì kó o wá sí Kábà. Òjò ọdún náà gbé afárá onígi kan lọ lọ́nà Lọ́kọ́ja. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹtiróòlù tán ní Kábà. Gbogbo lọ́rì jókòó. Ìwọ̀nba tó wà nínú táǹkì wa àti garawa kan tí mo tọ́jú sílé kò lè gbé wa kọjá Ìsánlú.

Àwọn dírẹ́bà yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í po kẹrosíìnì mọ́ díẹ̀ tó kù lọ́wọ́ wọn. Èmi náà ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo fi gbé iṣu láti Ògìdì, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ró kọ́ kọ́ kọ́ bí ẹni ń fi òòlù lu ìkòkò irin. Èéfín dúdú bò wá débi pé àwọn obìnrin tó jókòó sórí ẹrù sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ojú dúdú, wọ́n sì bú mi dáadáa. Nígbà tá a kan òkè, agbára tán, èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n tì í. Mo tú púlọ́ọ̀gì wò nílé, mo rí i pé èédú ti dì mọ́ ọn lẹ́nu. Kẹrosíìnì ń jó o, mi ò ní kì í jó, àmọ́ kì í jó tán. Mi ò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbé arúgbó tó ti dúró ní ọdún mọ́kànlá.

Mẹkáníìkì kan wà ládùúgbò wa tó ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun òyìnbó lọ jagun dé Bọ́mà. Ó fi ìka kan sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé. Á wà lẹ́yìnkùlé, á sì sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń kọjá lójú pópó. Ó ní bí pẹtiróòlù bá wọ́n àwọn lójú ogun, ọtí líle làwọn ń pò mọ́ ọn, mọ́tò á sì máa lọ. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n wá ìgò kan wá. Nígbà tí mo gbé e dé, ó rẹ àkísà sínú ọtí náà, ó ṣáná sí i. Iná rẹ̀ dúdú bí aró, kò ní èéfín, ó sì jó tán láìṣẹ́ omi kù. Ó ní èyí dára. Ó wá kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tí mi ò gbàgbé títí dòní: omi àti pẹtiróòlù kì í gbé pọ̀. Ọtí nìkan ló lè bá àwọn méjèèjì ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti pọ̀ jù lára ọtí, á kọ pẹtiróòlù sílẹ̀, á bá omi lọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì.

Ó fẹ ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀ díẹ̀, ó ní ọ̀mùtí kì í fi ẹnu tín-ín-rín mu ún. A dán an wò. Ẹ́ńjìnnì náà lọ́ra láti jí, àmọ́ nígbà tó jí, ohùn rẹ̀ tutù. Kò ró kọ́ kọ́ kọ́. A gbé e gun òkè, kò ṣojo. Rédíétọ̀ kò gbóná tó ti tẹ́lẹ̀. Èéfín rẹ̀ fúyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí. Àléébù méjì ni mo rí: ó ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń rùn. Òórùn tó ń jáde nídìí lọ́rì náà kò yàtọ̀ sí ti ẹnu ẹni tó ń ti ibi ìsìnkú arúgbó bọ̀.

Mo mọ òfin ọ̀gá mi. Mo tún mọ ọjọ́ tí rélùwéè ń lọ. Mo rò ó títí, mo sì yàn láti má sọ fún un.

Ibi tí mo ti máa rí ọtí tó pọ̀ tó ló kù. Ìjọba ti fòfin de pípọn ọn nígbà yẹn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ ní gbangba lọ́dọ̀ wa. "Òògùn ikọ́" là ń pè é. Bí ẹnì kan bá ní òun ń wá òògùn ikọ́, a ò ní béèrè ta ló ń wúkọ́. Ẹni tó sì mọ òògùn ikọ́ ṣe jù ní gbogbo àgbègbè náà ni ìyá ìyàwó mi ní Òkè-Bùkún. Bẹ́ẹ̀ ni, àna mi. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ tó kù, á wà létí odò pẹ̀lú ìkòkò àti iná rẹ̀.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dọ̀bálẹ̀, ó kí mi ní òkun, ó bi mí léèrè ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo sọ pé garawa òògùn ikọ́ méjì ni mo ń fẹ́.

"Ta ló ń wúkọ́ tó garawa méjì?"

"Mọ́tò ni, Ìyá."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ṣàlàyé Bọ́mà, mo ṣàlàyé kábúrétọ̀, mo ṣàlàyé Mẹ́kà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ sí i ni ojú rẹ̀ ń kọ́rẹ́ sí i. Ó bi mí bóyá mo ń sùn sílé. Ó bi mí bóyá ọmọ òun ń jẹun kánú. Mo búra fún un. Ó ní kò burú, kí n lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò, òun á sẹ́ ẹ fún mi. Oòrùn ti yẹ̀ kó tó gbé garawa méjèèjì jáde, ó fi ewé di ẹnu wọn dáadáa.

Ibí ni mo ti ṣìṣe. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n rẹ àkísà, kí n ṣáná sí i. Ìṣáná wà lápò mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí, ta ló máa jókòó níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, á máa dáná sun ohun tí ìyẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún un, láti mọ̀ bóyá ayédèrú ni? Lọ́dọ̀ wa, a kì í tú ẹrù àna wò lójú àna. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbà á, àá sì dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo di garawa mọ́ kẹ̀kẹ́, mo sì gba ilé lọ. Nígbà tí mo délé, ó ti rẹ̀ mí, mo dà á sínú táǹkì lé pẹtiróòlù lórí bẹ́ẹ̀, láìwò ó.

Ìdájí Ọjọ́bọ̀, gbogbo ilé ọ̀gá mi ti pé. Àwọn àáfà ti wá ṣàdúà, àwọn ìyàwó ilé ti di oúnjẹ ọ̀nà, bàbá náà sì jáde nínú agbádá funfun tí ẹnikẹ́ni kò rí lọ́rùn rẹ̀ rí. Mo ki irin bọ iwájú lọ́rì, mo yí i. Kò jí. Mo tún yí i. Mo yí i títí èjìká mi fi fẹ́ yẹ̀. Àwọn àáfà ṣe "àmín" tán, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí.

Mo yọ́ sábẹ́ lọ́rì, mo tú ìdí táǹkì díẹ̀, mo gbé abọ́ sí i. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe pẹtiróòlù. Mo tọ́ ọ wò, omi ni, omi tó ti mu ọtí yó. Ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì ti ṣẹ lórí mi: ọtí ti bá omi lọ sí ìsàlẹ̀, ohun tí ẹ́ńjìnnì sì ń fà sẹ́nu láti òwúrọ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n jẹ́ kó ṣàn dànù títí pẹtiróòlù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ó ṣàn, ó kún abọ́, ó dà sílẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àgbàlá náà kan, láàárín àwọn àáfà, níwájú ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà.

Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ táyà.

"Kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀?"

Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ lẹ́yìn mi, abọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Òògùn mọ́tò ni, Bàbá."

Mo ti ń retí kó ní kí n jáde, kó kí mi ní òkun bó ṣe kí elẹ́mu ọjọ́sí.

"Ṣé ó máa gbé wa dé Ìlọrin?"

"Ó máa gbé wa dé, Bàbá."

Ẹsẹ̀ náà yí padà, ó lọ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn àáfà pé òògùn mọ́tò ni. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Lọ́rì jí ní ìyíkejì lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó kù nínú táǹkì kò pọ̀ mọ́, ni mo bá da kẹrosíìnì ilé lé e, pẹ̀lú ìbínú. Gbogbo ohun tí mo ti sá fún ló wá bá mi lójú ọ̀nà. A kọjá Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú èéfín dúdú, a kọjá Mọ̀pà pẹ̀lú kọ́ kọ́ kọ́. Ṣáájú Ìsánlú, mo dúró, mo tú púlọ́ọ̀gì, mo fi ọ̀bẹ ha èédú kúrò, mo dá a padà. Bàbá náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín dúdú sì ń bà lé agbádá funfun náà díẹ̀díẹ̀. Kò gbọ̀n ọ́n nù. Bí mo bá yọjú wò ó, mo máa rí i pé oòrùn ló ń wò.

A kọjá Ẹ̀gbẹ̀, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọ̀nà, ni ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dákẹ́ lẹ́bàá abúlé kékeré kan. Táǹkì ti gbẹ. Ìgò pẹtiróòlù kan ṣoṣo tí mo fi pamọ́ fún àtijí ẹ́ńjìnnì ló kù. Mo gbé orí lé irin tí mo fi ń tukọ̀. Mo sọ ọ́ jáde pé mo ti ba ayé jẹ́, pé ọdún mọ́kànlá ti ṣòfò lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe eré, omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá mi fi tẹ̀sùbáà sápò. Ó ní, "Òògùn mọ́tò àárọ̀ yẹn, ṣé kò kù mọ́?"

"Kò kù, Bàbá."

"Ṣé wọn kì í tà á ní abúlé yìí?"

Mo wo àyíká. Àwọn igi ọ̀gọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́yìn abúlé náà, èéfín tín-ín-rín kan sì ń dìde láti etí odò. "Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa tà á."

"Máa lọ. Mo fẹ́ kírun."

Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó ṣe alùwàlá, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, ó sì kọ ẹ̀yìn sí lọ́rì. Mo sáré lọ sétí odò. Mo béèrè òògùn ikọ́, wọ́n fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣáná sí i lójú ẹni tó tà á, ó sì bú mi pé ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo gba èébú náà pẹ̀lú ayọ̀, nítorí iná náà dúdú bí aró, ó sì jó tán. Nígbà tí mo padà dé, bàbá ṣì ń kírun. Mo da ọtí sínú táǹkì, ó ṣì ń kírun. Mo fi pẹtiróòlù inú ìgò ta kábúrétọ̀ lẹ́nu, mo yí irin, ẹ́ńjìnnì jí, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Mo nu ọwọ́ mi. Mo pa ìdérí táǹkì dé kí ó dún dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó sàlámà, tó parí ìrun, ó ká ẹní, ó sì padà wọlé sínú ọkọ̀.

Rélùwéè ti ń fọn fèrè nígbà tá a wọ ibùdó rélùwéè ní Ìlọrin. Mo gbé àpò rẹ̀ lé orí, mo fi ọwọ́ kejì dì í mú. Ó wọ rélùwéè náà. Agbádá rẹ̀ ti dúdú ní èjìká, ó ń rùn èéfín, ó sì ń rùn ohun mìíràn pẹ̀lú. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Ó gbé wa dé." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ìyàwó mi wá kí wa. Kò tíì jókòó tó fi ń bi ọmọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bóyá mo ti dín in kù. Ìyàwó mi ní kí ni. Ó ní ọtí. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tú síta: kò gba ọ̀rọ̀ mọ́tò gbọ́ rárá, ó rò pé èmi ni mo fẹ́ máa mu garawa méjì, ni ó bá da omi odò là á. Ó ní òun ò lè fi ọwọ́ ara òun pa ọkọ ọmọ òun. Mo kọ́kọ́ bínú, ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró síbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Obìnrin náà ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Mo padà wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá mi dé lẹ́yìn oṣù méjì. Afárá ti dìde, pẹtiróòlù ti padà. Nígbà tí àwọn tó wá kí Àlàájì tuntun túká díẹ̀, ó pè mí lọ síbi tí lọ́rì wà. Agolo kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi samsam ni, omi tí wọ́n máa ń gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, tí wọ́n ń fi síbí bù bí òògùn ojú. Ó ní, "Ṣí ibi tó ń gbà mu epo."

Mo yára dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Omi ló fẹ́ dá wa dúró lọ́jọ́ yẹn."

Ó rò ó. "Níbo wá ni mọ́tò ti ń mu omi?"

Mo ṣí rédíétọ̀ fún un. Ó ṣe bísímílà, ó da ìdajì agolo náà sí i. Ó gbé ìdajì tó kù fún mi, ó ní kí n fún ẹni tó po òògùn náà ní Òkè-Bùkún. Mi ò tíì dárúkọ Òkè-Bùkún fún un rí. Mo rí i pé láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni ó ti mọ gbogbo rẹ̀. Ta ni kò mọ ohun tí à ń pè ní òògùn ní Kábà, ta ni kò sì mọ iṣẹ́ àna mi? Ó ní òun tọrọ àforíjì fún wa lórí òkè Arafá, òun, èmi, àti mọ́tò.

Mi ò lè gbé ojú sókè. Mo ní, "Bàbá, mo purọ́ fún yín. Mo ní òògùn ni."

"Òògùn náà ni," ó ní. "Èmi ló ń ṣàìsàn."

Ó gbá rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó sì padà wọlé lọ bá àwọn àlejò rẹ̀. Mo dé ìdérí rẹ̀ pa, mo lọ gbé kọfí tó ń dúró dè mí ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀.